Ojú Tí Sísí Fótò Fọ̀ Mọ́

Ẹni tó ni ìtàn yìí fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́. Ó ní ká má bu iyọ̀ sí i, ká má sì bu omi là á. "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí," ohun tó wí nìyẹn, "torí èmi ni mo kọ̀ láti fi nǹkan hàn bó ṣe rí."

Ayàwòrán ni. Sísí Fótò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti ń yọjú níwájú orí sísí náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: aṣọ funfun kan lára ògiri, àga onígi kan níwájú rẹ̀, iná méjì tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin, àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó máa ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé.

Kọ̀ǹpútà yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀ nínú ìjọ. Nígbà kan tí Pásítọ̀ ń wàásù lórí olè jíjà, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń lo sọ́fítíwia tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀, tí ẹ sì ń fi í tún fótò ìrìbọmi ṣe, ẹ mọ̀ pé ẹrù olè lẹ gbé wọ ilé Ọlọ́run!"

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Sísí Fótò kò rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti nu gbogbo èyí tó jẹ́ ti jíjí kúrò. Ó wá àwọn tí àwọn tó ṣe wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé: ọ̀kan fún títún fótò ṣe, ọ̀kan fún kíkọ lẹ́tà àti ìwé iye owó fún àwọn oníbàárà. Ọ̀fẹ́ nìkan sì kọ́. Àwọn tó ṣe wọ́n kò ti ilẹ̀kùn inú wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè ṣí wọn wò, kó rí bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀, kó tún wọn ṣe, kó sì fi wọ́n fún ẹlòmíràn.

Ó dìde ní ìpàdé àwọn obìnrin, ó jẹ́rìí. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Kò sí ẹrù olè kankan nínú kọ̀ǹpútà mi mọ́. Ọ̀fẹ́ ni mo rí i gbà, ọ̀fẹ́ náà ni n ó sì máa fi kọ́ni."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ ọ, á da sọ́fítíwia náà sí kọ̀ǹpútà onítọ̀hún, á sì fi fódà kan kún un tó pè ní Ìdánrawò. Inú fódà yẹn ló máa ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó dára jù lọ sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tú wọn palẹ̀ wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé fódà yẹn.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó sún mọ́ ọn ju iyèkan lọ. Aránṣọ ni, ní òpópónà kejì sí tirẹ̀. Omi gbígbóná ló dà sí i lójú ní kékeré. Àpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ojú ọ̀tún, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Aránṣọ kò fi bò rí. Bí ọmọdé bá tẹjú mọ́ ọn jù, á pè é sọ́dọ̀. "Wá fọwọ́ kàn án. Kì í géni jẹ."

Àwọn méjèèjì kò tíì lọ́kọ. Wọ́n jọ ń gbàdúrà lé e lórí ni, wọ́n sì jọ ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ lọ," ọ̀kan á wí. "Rárá o, àgbà ló ń ṣíwájú," èkejì á dáhùn.

Ìjọ wọn máa ń ṣe ìpàdé àdúrà kan lórí fóònù láàárọ̀. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan láti ìlú mìíràn ti gbọ́ ohùn Aránṣọ. Káfíńtà ni. Ohùn yẹn kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ó wá nọ́ńbà rẹ̀ kàn, ó pè é, ni ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Aránṣọ já wọ ṣọ́ọ̀bù Sísí Fótò, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ kó lè dún síta. "Gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yìí ń sọ," ó sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ohùn Káfíńtà jáde. "Arábìnrin, kì í ṣe arẹwà ni mò ń wá. Ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ tẹ́lẹ̀ ti bímọ síbì kan, ó sì fi pamọ́ fún mi títí ó fi ku díẹ̀ ká dé iwájú pẹpẹ. Ọmọ yẹn kọ́ ló dùn mí. Irọ́ náà ni. Ẹ ṣáà fi fótò yín ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ ṣe rí gan-an ni kí n ṣe rí yín."

"Ẹ ó rí mi," Aránṣọ dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ó rí mi títí ẹ ó fi ní ó tó gẹ́ẹ́."

Bó ti pa fóònù, ó jókòó sórí àga onígi. Fóònù rẹ̀ kò mọ̀ ju ìpè àti iná títàn lọ, torí náà Sísí Fótò ni yóò fi fótò náà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà.

"Ìwọ, gbọ́," Aránṣọ ní. "Má fi idán ẹ dán ojú mi wò o. Fi àpá mi sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó ti rí i kó tó san owó ọkọ̀."

"Orí mi dà rú ni? Ojú tìẹ ni, kì í ṣe tèmi."

Ó yà á. Ó tẹ ẹ̀dà kan jáde fún un, àpá rẹ̀ hàn kedere lára rẹ̀. Aránṣọ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó fi í sáàárín ìwé orin rẹ̀, ó lọ.

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ẹ̀gbọ́n Sísí Fótò obìnrin pè.

"Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ ẹ ti rí tiẹ̀. Aránṣọ! Pẹ̀lú ojú yẹn! Ìwọ tí ojú ẹ ń dán bí àwo ńkọ́? Fótò ìyàwó oníyàwó lò ń yà kiri, ta ni yóò ya tìẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, àsìkò Ọlọ́run ló dára jù."

"Ó dáa. Ṣáà ṣọ́ra kílẹ̀ má ṣú mọ́ àsìkò ọ̀hún lọ́nà."

Sísí Fótò gbé fóònù kalẹ̀. Ojú Aránṣọ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. "Ká kàn dán an wò," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ká kàn wo bí ì bá ṣe rí."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú sọ́fítíwia yẹn, kì í ṣe ara fótò gan-an lèèyàn ń kùn. Ṣe ló dà bí ẹni tẹ́ gíláàsì tó mọ́ gaara lé fótò lórí, tó wá ń kun ọ̀dà sára gíláàsì. Ìpele ni wọ́n ń pè é. Fótò gidi wà lábẹ́ rẹ̀, kò ṣípò. Àmì ojú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìpele yẹn á pòórá, ohun tó wà lábẹ́ á sì yọjú.

Sísí Fótò tẹ́ ìpele lé ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bù lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó fi lé ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lẹ aṣọ. Ó yí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ara wọn mu. Nígbà tó ṣe tán, kò sí ojú ènìyàn tó lè mọ ibi tí àpá wà. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Ohùn kan wá sọ fún un nínú lọ́hùn-ún pé, "Ọ̀rẹ́ ẹ ni. Ṣe lò ń ràn án lọ́wọ́."

Ẹ̀yin ará, ọ̀tá ọkàn wa kì í wọ aṣọ pupa wá. Aṣọ àánú ló máa ń wọ̀. Ṣùgbọ́n Sísí Fótò kò lè sọ pé wọ́n tan òun. Etí rẹ̀ ló fi gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn kórìíra. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bó bá dé tó sì rí ojú mìíràn. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ó fi fótò náà ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó máa ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ tó bá dára: ó fi fáìlì náà pamọ́ sínú Ìdánrawò, tòun ti ìpele rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní Ojú Tó Mọ́.

Ìdáhùn kò pẹ́. "Kí ló wí?" Aránṣọ bi í.

"Ó ní inú òun dùn. Ó ń bọ̀."

Aránṣọ fò sókè. "Ó rí ojú mi, ó sì ń bọ̀! Ìwọ, ṣé o gbọ́? Ó rí i, ó sì ń bọ̀!" Ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ní àpá yẹn ló sì fi lé e léjìká.

Àyè wà fún un láti sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́.

Káfíńtà dé pẹ̀lú àpótí ìjókòó kékeré kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó ní kí Aránṣọ máa fi jókòó níbi ẹ̀rọ ìránṣọ. Sísí Fótò wà níbẹ̀. Aránṣọ ló ní kó wá bá òun jókòó. Ó rí ẹ̀rín lẹ́nu ọkùnrin náà bó ti ń wọlé, ó sì rí i nígbà tí ẹ̀rín náà kú. Ọkùnrin náà mu omi. Ó ní ọ̀nà jìn. Ó ní ọkọ̀ òun lè lọ. Àpótí ìjókòó nìkan ló ṣẹ́kù sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó pè. "Arábìnrin, ọkàn mi ò fara mọ́ ọn mọ́. Kí Olúwa bùkún yín." Ó pa á.

Aránṣọ kò sunkún. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fótò, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ó kúkú ti rí i nínú fótò. Kí ló wá tún rí? Àbí mo burú ju fótò lọ ni?"

"Bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Gbàgbé ẹ̀, jàre."

Láti ìgbà náà ni Aránṣọ ti ń wé gèlè wálẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ padà kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lè máa kọjú sí ògiri. Ọmọ oníbàárà kan tẹjú mọ́ ọn, Sísí Fótò dúró kó gbọ́ "Wá fọwọ́ kàn án." Kò gbọ́ nǹkan kan. Aránṣọ kàn fa gèlè rẹ̀ wá síwájú ni.

Kò pẹ́ ni lẹ́tà Káfíńtà wọlé sórí kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ fi fótò ránṣẹ́. Ǹjẹ́ arábìnrin yẹn ló ní kẹ́ ẹ tún ojú òun ṣe?"

Sísí Fótò wo ìbéèrè náà títí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, àṣírí tú. Ó wá ọ̀nà kẹta tó jọ ti ẹni mímọ́. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ oníbàárà mi, n kì í sọ ọ́ síta."

Káfíńtà ka ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá kà níbẹ̀: pé Aránṣọ ló ní kó ṣe é. Ó dá èsì padà: "Ẹ ṣeun. Ẹni tó mọ ẹnu pa mọ́ ṣọ̀wọ́n láyé yìí."

Díẹ̀díẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò dá lórí fótò mọ́. Ó fẹ́ mọ bí òun ṣe lè ya àga àti tábìlì tóun kàn kó wu àwọn oníbàárà. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé iye owó lórí kọ̀ǹpútà. Sísí Fótò ní kó wá, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ń tún ojú ọ̀nà ṣe.

Kò sẹ́ni tó ń tún ọ̀nà kankan ṣe.

Ó wá, ó tún wá. Ó ní bó bá jẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́run, òun yóò fẹ́ kí ìyá òun mọ̀ ọ́n. Ohun tí Sísí Fótò ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà èwe ló dúró níwájú rẹ̀ yìí, kò sì lè dì í mú. Bí wọ́n bá ní kí ìjọ di ojú, kò lè di tirẹ̀. Bó bá dì í pẹ́nrẹ́n, àpá yẹn ló ń rí. Bí Aránṣọ bá sì bi í pé, "Kí ló dé tí o ò jẹun? Ṣó ò ń ṣàìsàn ni?" á ní ààwẹ̀ lòun ń gbà.

Ọ̀sán gangan ni àṣírí tú. Káfíńtà gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, Sísí Fótò da sọ́fítíwia méjèèjì sí i, ó sì da Ìdánrawò tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àṣà ló mú un ṣe é. Kò tilẹ̀ ronú. Ó padà sídìí fótò ìwé ìrìnnà tó ń gé, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́.

"Kí ni ojú kékeré ẹ̀gbẹ́ yìí wà fún?" Káfíńtà bi í.

"Tẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó wà lábẹ́ ló máa fi hàn ẹ́."

Káfíńtà tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. 

"Wá wo nǹkan yìí."

Sísí Fótò ti mọ̀ kó tó dìde. Ojú Aránṣọ ló wà níbẹ̀, láìlábùkù. Káfíńtà tẹ àmì ojú náà: àpá yọ, láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n. Ó tún un tẹ̀: àpá lọ. Ó tún un tẹ̀: àpá dé.

"Ojú Tó Mọ́," ó ka orúkọ fáìlì náà. "Òun ló ní kó o ṣe é?"

Níbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin òǹkàwé, ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Sísí Fótò tì í pa fúnra rẹ̀.

"Òun ni," ó ní. "Ó bẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ ṣe é."

"Ó dáa. Jẹ́ ká pè é."

"Kí lo fẹ́ pè é fún? Ọ̀rọ̀ tó ti kọjá!"

Ó ti pè é. Ó tẹ̀ ẹ́ kó dún síta. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Arábìnrin, èmi ni. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín. Fótò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí lẹ ní kí ayàwòrán ṣe sí i?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Kí ni mo ní kó ṣe? Mo ní kó má fọwọ́ kan ojú mi ni. Mo ní kẹ́ ẹ rí àpá mi kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀. Kí ló dé?"

"Kò sí àpá nínú èyí tí mo rí gbà."

 Ohùn Aránṣọ jáde, ó rẹlẹ̀. "Sísí. Ṣé o wà níbẹ̀?"

Sísí Fótò fi ọwọ́ bo ẹnu.

"O wà níbẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí ẹ."

Káfíńtà pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. "Mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá mi pé òpùrọ́ lọmọ yẹn," ó ní. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó gba ojú ọ̀nà iwájú jáde, níbi tí kò sẹ́ni tó ń tún nǹkan kan ṣe, ó kọrí sí òpópónà kejì. Sísí Fótò tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí olè tí wọ́n mú, sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aránṣọ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti tú gèlè. Ó fa fótò yọ nínú ìwé orin rẹ̀, ó nà án sí Káfíńtà. "Èyí ni mo yà."

Ọkùnrin náà wò ó, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ò bi mí. Ẹ mu omi mi, ẹ wojú mi, ẹ dá mi lẹ́bi, ẹ sì lọ. Èmi wá ń fi ojú mi pamọ́ fún ọmọdé." Ó gbé àpótí ìjókòó náà, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ máa gbé e lọ."

Kò wo Sísí Fótò rárá. Ó wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Sísí Fótò tọ Pásítọ̀ lọ, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ìyẹn ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o gbá kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní, o wá fi pàǹtírí sílẹ̀ nínú ọkàn. Lọ sọ ọ́ níbi tó o ti jẹ́rìí." Ó dìde ní ìpàdé àwọn obìnrin, níbi tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un rí, ó sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Aránṣọ wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dópin, ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde.

Ó pẹ́. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Wọ́n ń pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n ń kíra, ó parí síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Aránṣọ wọlé. Kò wé gèlè bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó jókòó lórí àga onígi. "Yà mí."

Sísí Fótò yà á. Bó ti gbé fótò náà sórí kọ̀ǹpútà, Aránṣọ fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀fẹ́ lo ní nǹkan yìí, àbí?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Kọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò ní í dá nìkan mú ojú mi dání mọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣí èyí tó o ṣe. Mi ò tíì rí i."

Sísí Fótò ṣí i. Aránṣọ wo obìnrin tí kò ní àpá yẹn pẹ́pẹ́, bí ẹni ń wo ẹni tó jọ ìbátan rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé máùsì. Ó tẹ àmì ojú náà. Àpá padà wá.

"Èmi nìyẹn," ó ní.

Sísí Fótò ti ń sunkún. "Jẹ́ kí n pa á rẹ́. Jẹ́ kí n pa á rẹ́ báyìí, níṣojú ẹ."

"Má pa á rẹ́. Fi í sílẹ̀ nínú fódà ẹ yẹn. Gbogbo ẹni tó o bá ń kọ́, fi hàn wọ́n, kó o sì sọ ẹni tó ṣe é fún wọn." Ó tún àga rẹ̀ fà mọ́ tábìlì. "Ó yá. Ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Fáìlì náà ṣì wà níbẹ̀ dòní. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bi í pé ta ló ní ọwọ́ tó dára tó báyìí. Gbogbo ìgbà ló sì ń dáhùn.